Football Manager 2024: Bí Géèmù Kan Ṣe Ń Yan Akọ́nimọ̀ọ́gbá fún Ẹgbẹ́ Tí Owó Rẹ̀ Kò Tó Nǹkan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Football Manager 2024 yẹ ní rírà kò gbọdọ̀ fi Manchester City tàbí Real Madrid dán an wò. Ẹgbẹ́ olówó lè ṣi akọ́nimọ̀ọ́gbá yàn lónìí, kí ó fún un ní owó ìtanràn àdéhùn rẹ̀, kí ó sì mú ẹlòmíràn kí oṣù tó parí. Ẹgbẹ́ kékeré kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, nítorí àṣìyàn kan ṣoṣo lè já a sí líìgì ìsàlẹ̀. Nítorí náà, apá kan péré ni mo fẹ́ fi yẹ géèmù yìí wò, èyí ni bí ó ṣe mú ọ̀rọ̀ yíyan akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ẹgbẹ́ tí kò lówó, yálà ẹ̀yin ni wọ́n ń yàn tàbí ẹ̀yin ni ẹ ń yan àwọn tí yóò bá yín ṣiṣẹ́. Èrò mi ni pé ó mọ ọ̀rọ̀ owó dáadáa, ó mọ ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí níwọ̀nba, ṣùgbọ́n kò tíì mọ bí ẹgbẹ́ kékeré tó gbọ́n ṣe ń ronú.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, èyí kì í ṣe irú géèmù tí ènìyàn ti ń fi ìka darí agbábọ́ọ̀lù lórí pápá. Ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ẹ wà. Ẹ̀yin ni ẹ ó yan àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin ni ẹ ó ṣètò ìdánrawò, ẹ̀yin ni ẹ ó dúnàádúrà pẹ̀lú àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù, ẹ̀yin náà sì ni alága yóò ránṣẹ́ pè nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ní ọdún 1992 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Paul àti Oliver Collyer, kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní England lábẹ́ orúkọ Championship Manager. Iléeṣẹ́ wọn, Sports Interactive, ló ń ṣe Football Manager, Sega sì ni ó ń gbé e jáde. Ẹ̀dà 2024 dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kéde ní oṣù kejì ọdún 2025 pé àwọn kò ní gbé ẹ̀dà 2025 jáde mọ́, ẹ̀dà 2024 yìí ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń gbá lọ, ó sì pé ọdún méjì gbáko láti ìgbà tó jáde kí Football Manager 26 tó dé, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ kọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbogbo.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń béèrè ni irú ènìyàn tí ẹ jẹ́. Ẹ ó sọ ibi tí ẹ gbá bọ́ọ̀lù dé nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ọ́, láti orí bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú láàrin ọ̀rẹ́ títí dé orí ikọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ ó sì sọ ìwé ẹ̀rí tí ẹ ní, láti orí àìní rárá títí dé èyí tó ga jù lọ, irú èyí tí UEFA àti CAF ń pè ní Pro. Ìdáhùn wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Bí ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí bá lọ jókòó lórí àga ẹgbẹ́ ńlá, àwọn ìràwọ̀ inú yàrá ìmúra kò ní ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní National League North tàbí South, tó jẹ́ ìpele kẹfà ní England, tó sì jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá tí géèmù náà lọ dé níbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò lórúkọ. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ fún ẹgbẹ́, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní àdéhùn tó lè dá ẹgbẹ́ mìíràn dúró bí ó bá fẹ́ mú wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ kàwé sí i, ìgbìmọ̀ olùdarí ni ẹ ó bẹ̀ kí wọ́n san owó ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì lè sọ pé kò sí owó.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ibi tí géèmù yìí ti dára jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń fò ó kọjá. Bí àyè bá ṣí ní ẹgbẹ́ kan, ẹ ó kọ̀wé béèrè fún iṣẹ́ náà, bí wọ́n bá sì fẹ́ràn yín díẹ̀, wọn yóò pè yín. Wọn yóò béèrè ibi tí ẹ lérò pé ẹ lè gbé ẹgbẹ́ dé ní òpin sáà, bóyá owó tó wà nílẹ̀ tẹ́ yín lọ́rùn, bóyá ẹ ó máa fún àwọn ọ̀dọ́ láyè, irú bọ́ọ̀lù tí ẹ fẹ́ máa gbá, àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí ipò gíga kí ó lè rí iṣẹ́ gbà, ìlérí náà ni wọn yóò fi dá a lẹ́jọ́ nígbà tí sáà bá ń parí lọ. Ẹni tó bá sì ń kùn nípa owó kí ó tó wọlé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì pe ẹlòmíràn. Ohun tí mo gbádùn níbẹ̀ ni pé ìbéèrè tó wà lọ́kàn ìgbìmọ̀ olùdarí ẹgbẹ́ tálákà gan-an ni wọ́n ń béèrè. Kì í ṣe ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù lọ ni wọ́n ń wá bí kò ṣe ẹni tó lè fi owó tí wọ́n ní ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́ láìsọ wọ́n di onígbèsè. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò tẹ́ ètò ọlọ́dún márùn-ún wọn sílẹ̀: ẹ má ṣe kọjá iye owó ọ̀sẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀, ẹ tọ́ àwọn ọmọ wa dàgbà, ẹ mú àwọn ọ̀dọ́ wá. Òmíràn nínú rẹ̀ jẹ́ dandan, òmíràn jẹ́ ìfẹ́ ọkàn lásán, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ méjèèjì kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti gbaṣẹ́ tán, ó di ọwọ́ yín láti yan igbákejì, àwọn olùkọ́ni, àti olórí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́. Géèmù náà fi nọ́ńbà 1 sí 20 díwọ̀n ọgbọ́n ènìyàn kọ̀ọ̀kan, láti orí mímọ ènìyàn lò títí dé orí mímọ agbábọ́ọ̀lù tó dára tí ènìyàn bá rí i. Ìgbìmọ̀ olùdarí ló ń pinnu iye olùkọ́ni tí ẹ lè gbà. Àwọn kan máa ń ná gbogbo owó wọn lórí igbákejì tó lórúkọ, ṣùgbọ́n ní tèmi, olórí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ ló yẹ kí ẹgbẹ́ tálákà kọ́kọ́ wá, nítorí ìwà rẹ̀ máa ń ràn mọ́ àwọn ọmọ tuntun tí ń wọlé lọ́dọọdún. Ọmọ kan ṣoṣo tó bá jáde dáadáa nínú wọn lè san owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá bá wá rà á. Ẹ̀dà 2024 yìí náà ló mú iṣẹ́ tuntun kan wọlé, ìyẹn olùkọ́ni tó ń mójú tó kọ́nà àti àwọn bọ́ọ̀lù mìíràn tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ kí wọ́n tó gbá a. Àfikún ọlọ́gbọ́n ni, nítorí góòlù tó ti ara kọ́nà wá kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni ra agbábọ́ọ̀lù.

Níbí gan-an ni àléébù géèmù náà ti hàn sí mi. Ẹ wo Brentford ní ìwọ̀-oòrùn London. Nígbà tí Dean Smith lọ sí Aston Villa ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, igbákejì rẹ̀, Thomas Frank, ni wọ́n gbé sípò, òun ló sì mú wọn wọ Premier League ní 2021 lẹ́yìn tí wọn kò ti sí ní líìgì àgbà láti 1947. Nígbà tí Frank náà lọ sí Tottenham ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọn kò wá ẹni tó lókìkí. Keith Andrews, olùkọ́ni kọ́nà wọn, tí kò tíì jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà níbì kankan rí, ni wọ́n fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Bodø/Glimt ní àríwá Norway ṣe irú rẹ̀ ní 2018, nígbà tí Kjetil Knutsen kúrò ní igbákejì di ọ̀gá, ó sì gba ife líìgì àkọ́kọ́ nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà ní 2020. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ra ọgbọ́n lóde, nínú ilé ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ọ̀gá yóò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ olùdarí tí kọ̀ǹpútà ń darí nínú géèmù yìí, òkìkí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Mo ti gba olùkọ́ni kọ́nà tó mọṣẹ́ yékéyéké, àmọ́ n kò rí ẹgbẹ́ kankan tó ronú láti fi í ṣe ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí náà kò pé tó. Nígbà tí Reims ní ilẹ̀ Faransé fi Will Still, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2022, kò tíì ní ìwé ẹ̀rí Pro, ẹgbẹ́ náà sì ń san €25,000 owó ìtanràn fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá darí. Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé èrè rẹ̀ ju ìtanràn lọ, wọ́n sì ń san án. Ohun tó tún pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Still fúnra rẹ̀ gbá irú géèmù yìí nígbà èwe rẹ̀. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ì bá dùn púpọ̀ fún ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n kò sí nínú ohun tí mo bá pàdé níbẹ̀. Sùúrù náà ṣọ̀wọ́n. Heidenheim ní Jámánì kò yọ Frank Schmidt kúrò láti 2007, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ìpele kẹrin, títí tó fi gbé wọn dé Bundesliga, líìgì àgbà ibẹ̀, ní 2023; nínú géèmù, bí àwọn ìgbìmọ̀ olùdarí ṣe ń yí akọ́nimọ̀ọ́gbá padà yóò jẹ́ kí ènìyàn rò pé irú Schmidt kò lè sí láyé.

Ó dùn mí pé líìgì Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí ènìyàn lè yàn láìṣe pé ó wá fáìlì tí àwọn ẹlòmíràn ṣe, nítorí South Africa nìkan ni ó ní líìgì nínú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Ìtàn Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí Daniel Ogunmodede mú gba ife líìgì ní sáà 2024/25 lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ipò kejì ní ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra, bá irú géèmù yìí mu gan-an. Aládàáni ló ni Remo Stars, àmọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó kù, bíi Shooting Stars ti Ìbàdàn. Bí àwọn tó ń ṣe géèmù náà bá fẹ́ gbé líìgì Nàìjíríà sínú rẹ̀ dáadáa, wọn yóò ní láti fi kọmíṣọ́nà fún eré ìdárayá sórí ìgbìmọ̀ tí ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò.

Ní ti kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ alágbèéká tí kò tuntun lè gbé e bí ẹ bá yan líìgì díẹ̀ péré nígbà tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kó líìgì púpọ̀ jọ, ẹ ó jókòó wò ó títí iná yóò fi lọ. Ẹ̀dà ti fóònù jáde fún àwọn tó ń san owó Netflix, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yíyan òṣìṣẹ́ kò jinlẹ̀ níbẹ̀, kò sì lè rọ́pò ti kọ̀ǹpútà.

Ẹni tí ife ẹ̀yẹ Champions League nìkan wù kò nílò géèmù tó gùn tó báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bínú rí sí alága ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó yàn, kí ó rà á, kí ó má sì yan ẹgbẹ́ kankan nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àyè wà láti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò níṣẹ́: kí ó kọ pé bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú ni òun gbá mọ, kí ó kọ pé òun kò ní ìwé ẹ̀rí, kí ó ṣí ojú ìwé tí wọ́n ti ń to àyè iṣẹ́ sí, kí ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ tábìlì, kí ó sì wo iye tí yóò pè é.