Hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹṣin: èyí tẹ́ ẹ ní nílé àti tuntun, ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀?

Òbí méjì ti bi mí lóṣù yìí nìkan. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ mi obìnrin ti ń gẹṣin níbí ní UK látìgbà tó wà lọ́mọ ọdún 8, ó ti di 14 báyìí, ìbéèrè kan náà làwọn méjèèjì sì gbé wá: hẹ́límẹ́ẹ̀tì tọ́mọ mi ń lò ṣì dáa lójú o, ṣé kí n ra òmíì ni àbí kí n ní sùúrù? Mo ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́, kí n to wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ni tó fẹ́ rà lè mọ ibi tówó ẹ̀ ń lọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìta líle tó ń dán yẹn, tàbí èyí tí wọ́n fi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì bò, òun nìkan kọ́ ló ń gba orí là. Fóòmù funfun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù, ọmọ ìyá èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀ nílé, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, á wọnú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ gan-an nìyẹn. Tí orí bá lọ kan ilẹ̀, fóòmù yẹn á rún, agbára tó yẹ kó lọ sínú ọpọlọ á tán sára ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló lè ṣe é níbì kan. Ibi tó bá ti rún ti rún nìyẹn, tórí bá tún fi ibẹ̀ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kejì, kò sóhun tó máa gbà á dúró.

Ọdún kejì tọ́mọ mi bẹ̀rẹ̀, póní tó ń gùn ṣàdédé dúró níwájú ọ̀pá tó yẹ kó fò. Ẹṣin dúró, ọmọ ò dúró, ó gba orí ọrùn ẹṣin kọjá, ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀ sì lọ kan pákó tí wọ́n fi ṣọgbà. Ó dìde, ó gbọn yanrìn kúrò lára, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a délé mo fi aṣọ tútù nu hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn, mi ò rí nǹkan kan àfi ibì kan tó họ, kò tó èékánná ọmọ ìka. Bàbá ẹ̀ ní ṣebí ó ṣì dáa, oṣù 7 péré la rà á, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó tún fi gẹṣin lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó máa ń wọn orí fáwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ẹṣin, pé kó kàn bá mi wò ó. Obìnrin yẹn fa aṣọ inú ẹ̀ jáde, ó gbé e sábẹ́ iná, ó wá fi èékánná tọ ìlà kan fún mi, ìlà náà tín-ín-rín bí irun, láti òkè etí òsì títí lọ dé ìpàkọ́. Fóòmù ti là. Ọwọ́ mi tutù níbi tí mo dúró sí.

Ìyẹn tiẹ̀ ṣeé rí. Òmíì á rún sínú tójú ò ní rí nǹkan kan.

Èyí tó ti kan nǹkan, àti èyí tó kàn ń gbó

Èyí tó bá ti wà lórí èèyàn nígbà téèyàn ṣubú, tórí sì kan ilẹ̀ tàbí pákó tàbí pátákò ẹṣin, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kódà kó jẹ́ àná lẹ rà á. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Èyí tó jábọ́ látọwọ́ láìsí orí nínú ẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ torí kò sí ìwúwo orí tó tẹ fóòmù látinú, àmọ́ àwọn tó ń ṣe é máa ń kìlọ̀ pé tó bá já láti òkè lu kọnkéré, kí wọ́n kà á mọ́ èyí tó ti ṣubú. Tèmi ni pé tó bá bọ́ látorí ìhùkọ̀ sórí yanrìn tàbí kápẹ́ẹ̀tì, mo máa ń fa aṣọ inú ẹ̀ jáde kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tó bá jẹ́ orí sìmẹ́ǹtì, tí ọkàn mi ò bá sì ti balẹ̀, mo máa ń rà òmíì.

Èyí tí ò tíì kan nǹkan rí náà lọ́jọ́ ikú. Bí ọdún 5 lọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń dá fún un, ẹni tó ń gẹṣin lójoojúmọ́ ò sì gbọ́dọ̀ dúró dé 5 yẹn, kó ti máa múra láti ọdún 3. Òógùn, epo ara, oòrùn àti ooru ló ń pa á díẹ̀díẹ̀, gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ á máa jọ̀wọ́, fóòmù á máa gbẹ. Ẹ má fi sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò nígbà ooru, kẹ́ ẹ má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ híttà torí pé òjò pa á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gẹṣin nílé, ní Ìbàdàn tàbí tẹ́ ẹ ń gbá pólò ní Ìkòyí, oòrùn tiyín kì í ṣe kékeré, ẹ má gbé tiyín sínú ọkọ̀ tí wọ́n ti gíláàsì ẹ̀ pa láàárọ̀ títí dalẹ́. Àwọn ọmọdé tún fẹ́ràn kí wọ́n máa lẹ sítíkà mọ́ ọn tàbí kí wọ́n fi máàkà kọ orúkọ sí i. Kẹ́míkà inú gọ́ọ̀mù àti yíǹkì yẹn lè jẹ ike ìta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà fún wọn.

Tòkunbọ̀ àti tuntun

A mọ bá a ṣe ń ra tòkunbọ̀. Mọ́tò tòkunbọ̀, ẹ lè sáná sí i kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, fíríìjì tòkunbọ̀, ẹ lè ní kí wọ́n tan án kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó ń tutù. Kí lẹ fẹ́ gbọ́ lára hẹ́límẹ́ẹ̀tì? Ẹni tó ń tà á fún yín ní 15 pọ́n-ùn lè máà purọ́ rárá, ó lè jẹ́ pé òun náà nu tiẹ̀ bí mo ṣe nu tèmi, kó má rí nǹkan kan. Àní ká ní ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti rà á lọ́sẹ̀ yẹn ńkọ́? Mi ò ní mọ̀.

Ohun tó tún ń mú wa ni pé ká gbé ti ẹ̀gbọ́n fún àbúrò. Bàtà, ẹ gbé e fún un. Jákẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e fún un. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì ṣeé gbé fún un tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ rà á, tẹ́ ẹ mọ gbogbo ìtàn ẹ̀, tí ò tíì pé ọdún 5, tó sì bá orí àbúrò mu rẹ́gí láìjẹ́ pé ẹ ń fi nǹkan dí inú ẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ó pọ̀. Nílé wa kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tọ́ ọ wò ni, tẹ́ ẹ ò mọ̀ bóyá á bá a lára mu, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹṣin ní èyí tí wọ́n máa yá a, ẹ lo ìyẹn fún kíláàsì bíi mélòó kan kẹ́ ẹ tó náwó.

Ohun mìíràn tó ń pa àwọn olówó pọ́ọ́kú yìí ni lébẹ̀lì inú wọn, èyí tó ń sọ irú ìdánwò ààbò tí wọ́n yege. EN 1384 àtijọ́, ìyẹn òṣùwọ̀n Yúróòpù tẹ́lẹ̀, nìkan ló máa ń wà nínú òmíì, àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin níbí ti dẹ́kun gbígbà á látọdún 2016, ọmọ yín á múra tán lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n á sì dá a padà lẹ́nu géètì. Ẹ wo inú ẹ̀: PAS 015 pẹ̀lú àmì Kitemark jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, VG1 ni ti Yúróòpù tí wọ́n gbé wọlé ní ìparí 2014, ASTM F1163 pẹ̀lú àmì SEI jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Houston tàbí Atlanta, ìyẹn lẹ máa wá. Òṣùwọ̀n míì tó ń jẹ́ Snell náà wà, ó le dáadáa. Èmi máa ń wá èyí tó ní méjì pa pọ̀, torí ìdánwò wọn ò rí bákan náà, ibi tí ọ̀kan ò wò, èkejì lè wò ó. Ẹ tún wo oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é, ó máa ń wà nínú ẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá ní àwọn ń ta á ní ẹ̀dínwó, ó lè ti jókòó sórí ṣẹ́ẹ̀fù tipẹ́.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé òfin wà ńbẹ̀ o. Látinú òfin ọdún 1990, ọmọ tí ò tíì pé 14 ò gbọ́dọ̀ gẹṣin lójú títì ní England, Scotland àti Wales láìdé hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó pójú òṣùwọ̀n.

Ti kẹ̀kẹ́ ńkọ́?

Rárá, ẹ má dé ti kẹ̀kẹ́ gẹṣin. Ẹṣin ga ju kẹ̀kẹ́ lọ, ó ní pátákò, ó sì lè ṣubú lé èèyàn. PAS 015 ní ìdánwò tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ hẹ́límẹ́ẹ̀tì láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nítorí ìyẹn, wọn kì í dán ti kẹ̀kẹ́ wò bẹ́ẹ̀.

Àgbàlagbà tó bá ń sọ pé òun ò fo nǹkan kan, òun kàn ń rìn jẹ́jẹ́ ni, kó rántí Courtney King-Dye, obìnrin Amẹ́ríkà tó lọ Òlíḿpíìkì 2008. Ní oṣù kẹta 2010 ẹṣin kàn fẹsẹ̀ kọ lábẹ́ ẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ ọ, kò dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, bí oṣù kan ló fi wà láìmọ ibi tó wà. Nígbà tí Charlotte Dujardin, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, gba góòlù ní Òlíḿpíìkì London ní 2012, hẹ́límẹ́ẹ̀tì ló dé níbi tọ́pọ̀ àwọn yòókù ti ń dé fìlà gíga. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, àwọn baba wa ti sọ ọ́. Mo máa ń wo àwọn ìdílé balógun wa lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba, orí mi á wú, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ fìlà lójú agbo. Àmọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń kọ́ láti gùn ún kọ́jọ́ náà tó pé, ẹ bá mi fi nǹkan sí wọn lórí.

60 pọ́n-ùn àti 400 pọ́n-ùn

Níbi yìí lèrò mi ti yàtọ̀ sí tàwọn kan tó ń sọ pé èyí tó bá wọ́n jù ló ń gba orí là jù. Tí méjèèjì bá ní lébẹ̀lì kan náà, ìdánwò kan náà ni wọ́n yege. Ohun tẹ́ ẹ tún ń sanwó ẹ̀ lórí èyí tó wọ́n ni awọ, òkúta tó ń dán, ihò tí atẹ́gùn ń gbà, aṣọ inú tó rọ̀, gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ kì í ṣe òun ni fóòmù. Yunifásítì Virginia Tech ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìdánwò tiwọn jáde ní 2022, ìràwọ̀ ni wọ́n fi díwọ̀n wọn, owó gọbọi ò sì ní kí hẹ́límẹ́ẹ̀tì ní ìràwọ̀ púpọ̀. Ẹ lọ wo orúkọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ohun kan tí mo gbà kẹ́ ẹ fowó kún ni MIPS. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, ó máa ń wà láàárín fóòmù àti orí, tí orí bá fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ tó sì fẹ́ yí bírí, ike yẹn á jẹ́ kí hẹ́límẹ́ẹ̀tì yọ̀ díẹ̀ kí yíyí yẹn má baà wọnú ọpọlọ tán. Àwọn ará Sweden ló ṣe é, hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹṣin ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi sí nínú ní 2007. Ó ti wà nínú àwọn tí ò wọ́n báyìí.

Ẹ ra èyí tẹ́ ẹ máa lè jù nù. Ẹni tó ra ti 400 pọ́n-ùn, lọ́jọ́ tọ́mọ ṣubú, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara ẹ̀ jà, á ní kò le tó bẹ́ẹ̀, kò kàn án gbọngbọn, á tún lò ó fọ́dún méjì sí i. Ẹni tó ra ti 60 tàbí 80, á mí kanlẹ̀, á lọ ra òmíì lọ́jọ́ kejì. Tó bá jẹ́ olówó ńlá náà lẹ fẹ́, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó bóyá ilé iṣẹ́ yẹn máa ń dín owó tuntun kù fẹ́ni tó ṣubú, àwọn kan máa ń ṣe é tẹ́ ẹ bá ní rìsíìtì.

Orí wa àti irun wa

Èyí ni mi ò rí ẹni sọ fún mi. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì kejì, ìgbà tí ọmọ mi fi àtáṣímẹ́ǹtì ṣe irun tó ki la lọ wọn orí ẹ̀, ó bá a mu gan-an. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ó tú irun, hẹ́límẹ́ẹ̀tì wá ń yí lórí ẹ̀ bí ìgbá lórí omi. Ó ṣì tuntun o, kò kan nǹkan kan, àmọ́ kò wúlò fún un mọ́, torí èyí tó ń yí máa sún kúrò lójú ibi tó yẹ kó bò nígbà tí wọ́n bá ṣubú. Irun tẹ́ ẹ máa fi gẹṣin ni kẹ́ ẹ fi lọ wọn orí. Kọ̀lẹ́sẹ̀ ló dáa jù, ó lẹ̀ mọ́ orí, ìdí ẹ̀ á bọ́ sísàlẹ̀ ìpàkọ́. Ṣùkú ò lè bá a lọ, ìdì tó wà lókè orí yẹn á gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì sókè. Ìlẹ̀kẹ̀ lórí irun náà, ẹ yọ ọ́, torí ohun líle tó bá wà láàárín orí àti fóòmù máa gún orí. Òróró irun máa ń wọ aṣọ inú ẹ̀, ẹ ra èyí tí aṣọ inú ẹ̀ ṣeé yọ fọ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n fi téèpù wọn orí yíká, díẹ̀ lókè ìpéǹpéjú, kẹ́ ẹ wá dé e láì so okùn ẹ̀, kẹ́ ẹ dì í mú kẹ́ ẹ mì í: awọ iwájú orí gbọ́dọ̀ bá a lọ. Orí òmíì rí roboto, tòmíì gùn síwá-sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà kan náà fi lè bá ẹnì kan mu kó sì máa fún ẹlòmíì ní ẹ̀fọ́rí.

Ẹ̀kẹta tá a rà ló ń dé báyìí, mo ya rìsíìtì ẹ̀ sórí fóònù kí n lè mọ ìgbà tí ọdún 5 máa pé. Àkọ́kọ́ tó là yẹn, mo fi sísọ́ọ̀sì gé okùn ẹ̀ kí n tó jù ú sí dọ́sìbíìnì, kẹ́nì kan má baà ṣà á fọ́mọ ẹ̀.