Kọ́ọ̀sì fídíò lórí ẹ́ńsáìmù àti fámákọ́lọ́jì: ti phenytoin yẹn nìkan tó wò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mẹdisíìnì tí ọ̀rọ̀ Km àti Vmax (ìwọ̀n méjì tá a fi ń mọ bí ẹ́ńsáìmù ṣe ń ṣiṣẹ́ sí) ń dà lórí rú, kọ́ọ̀sì fídíò kan wà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán, ẹ́ńsáìmù àti ìpìlẹ̀ fámákọ́lọ́jì ni wọ́n kó pọ̀ síbẹ̀, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí kẹ́ ẹ tó kó àsìkò yín lé e. Ó dáa. Kò pé o, mo máa sọ ibi tó kù sí, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé wọn ò ya ẹ́ńsáìmù sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn. Ibi tó pọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni ní Michaelis-Menten (bí iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ṣe ń yára sí bí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí bá ń pọ̀) bí ìṣirò lásán, akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí, á kọ ọ́ nínú ìdánwò, á gbàgbé ẹ̀, tó bá wá dé wọ́ọ̀dù kò ní mọ̀ pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí oògùn tó fẹ́ kọ fún aláìsàn.

Tísà yẹn ò pẹ́ lórí ìtàn: Leonor Michaelis àti Maud Menten, Berlin, 1913, ẹ́ńsáìmù tó ń gé ṣúgà, ó tán. Gíráàfù ló jókòó tì. Ó ń fà á díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń béèrè pé kí ló dé tí ìlà yìí ò kàn máa lọ sókè títí láé. Ìdáhùn ẹ̀ ni pé tí ọkọ̀ bá ti kún, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó ní ibùdókọ̀, ọkọ̀ ò lè gbé ju iye tó lè gbé lọ. Ibi tí ọwọ́ gbogbo ẹ́ńsáìmù ti dí yẹn ni Vmax, Km sì ni ìwọ̀n substrate (ohun tí ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́ lé lórí) tó máa gbé iṣẹ́ dé ìdajì ẹ̀. Ó wá mú hexokinase àti glucokinase, ẹ́ńsáìmù méjì tó ń ṣiṣẹ́ lórí glucose: Km hexokinase kéré gan-an, kò tó 1 mmol/L, ìyẹn ni ọpọlọ fi ń rí glucose lò kódà tébi bá ń pa wá, ti glucokinase inú ẹ̀dọ̀ sì tó nǹkan bí 10, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dọ̀ ò fi ń bá àwọn yòókù du glucose títí dìgbà tá a bá jẹun tán. (Ó yẹ kó sọ o pé ìlà glucokinase ò tẹ̀lé Michaelis-Menten gangan, ó rí bíi S díẹ̀, kò sọ ọ́.)

Apá inhibitor (ohun tó ń dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́) náà dùn. Dípò kó kàn sọ pé competitive (èyí tó ń bá substrate du àyè lára ẹ́ńsáìmù) ń gbé Km sókè tí Vmax ò sì yí, methanol, ọtí olóró yẹn, ló fi bẹ̀rẹ̀. Methanol fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń fọ́ èèyàn lójú, alcohol dehydrogenase ló ń sọ ọ́ di formaldehyde, ìyẹn á wá di formic acid tó ń ba iṣan ojú jẹ́, torí náà tí wọ́n bá fún aláìsàn ní ethanol (ọtí tá a ń mu) tàbí oògùn fomepizole, wọ́n á gba àyè lára ẹ́ńsáìmù yẹn mọ́ methanol lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbọ́ èyí ò nílò kó há nǹkan kan sórí mọ́. Aspirin ní tiẹ̀, tó bá ti so mọ́ ẹ́ńsáìmù COX kì í tú mọ́, platelet (ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì) ò sì ní nucleus tó máa fi ṣe òmíì, ló fi jẹ́ pé bí platelet yẹn ṣe máa wà nìyẹn títí táá fi kú, bí ọjọ́ 7 sí 10.

Àmọ́ phenytoin, oògùn wárápá, ni mo ní kẹ́ ẹ torí ẹ̀ wò ó. Ní ìwọ̀n tá a ń fún aláìsàn gangan ni ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ ti ń sún mọ́ ibi tọ́wọ́ ẹ̀ á ti dí. Ó mú àpẹẹrẹ aláìsàn kan tí Vmax ẹ̀ jẹ́ 450 mg lójúmọ́, Km 4 mg/L. Tó bá ń lo 300 mg lójúmọ́, ti inú ẹ̀jẹ̀ á dúró sí 8 mg/L, ó kéré díẹ̀, torí 10 sí 20 la fẹ́. Wọ́n wá ní kò burú, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di 400. Ìdá kan nínú mẹ́ta péré la fi kún un o, àmọ́ ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: 4 lọ́nà 400, ẹ fi 50 tó ṣẹ́ kù nínú 450 pín in, 32 ni! Ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ẹyinjú á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á máa ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́. Ó dá fídíò dúró níbẹ̀ pé ká kọ́kọ́ ṣe é fúnra wa kó tó fi ìdáhùn hàn, ó sì wù mí kí gbogbo tísà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni half-life, ìyẹn àsìkò tí ìdajì oògùn fi ń kúrò lára. Lẹ́yìn phenytoin tó dùn tó yẹn, ṣe ló sáré kọjá lórí ẹ̀: half-life mẹ́rin sí márùn-ún loògùn máa lò kó tó dé steady state (ibi tí iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde ti dọ́gba), 50, 75, 87.5, 93.75 nínú ọgọ́rùn-ún, ó parí. Kò sọ pé oògùn tó ń tẹ̀lé first-order (tí iye tó ń kúrò ń bá iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ) nìkan lọ̀rọ̀ yẹn bá wí, pé phenytoin tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán yẹn ò ní half-life kan pàtó, bó ṣe ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà ló ń gùn sí i. Ibi tí ẹ́ńsáìmù àti oògùn ti pàdé gan-an ló fò yẹn! Loading dose (ìwọ̀n ńlá tá a fi ń bẹ̀rẹ̀) náà, gbólóhùn kan péré. Potency (bí ìwọ̀n oògùn tó máa ṣiṣẹ́ ṣe kéré tó) àti efficacy (ibi tí agbára oògùn lè dé) dáa ní tiwọn, àti bí naloxone, oògùn tó ń dènà morphine, ṣe ń ti ìlà morphine sápá ọ̀tún, mi ò rí wí sí i.

Lineweaver-Burk, gíráàfù ẹ́ńsáìmù tí ìlà ẹ̀ máa ń tọ́, àwọ̀ kan náà ni wọ́n fi fa ìlà competitive àti noncompetitive (inhibitor tí kì í bá substrate du àyè), tẹ́ ẹ bá ń fi fóònù wò ó, ẹ ò ní mọ èwo lèwo. Ìbéèrè ẹ̀yìn fídíò náà ò tó, wọ́n á ní C ni ìdáhùn, wọn ò ní sọ ìdí tí A ò fi jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì dé wọ́ọ̀dù, ẹ wò ó látìbẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìwé àti kakulétọ̀ dání, kẹ́ ẹ wá ìbéèrè sí ibòmíì. Ẹni tí ìdánwò ẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, inhibitor àti phenytoin nìkan ni kó wò.