Ìkòkò Catawba àbí ti San Ildefonso, èwo lẹ máa mú?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka gbogbo ìkòkò àwọn Indian Amẹ́ríkà sí nǹkan kan náà. Ẹ̀yà Catawba wà ní South Carolina nítòsí Rock Hill, San Ildefonso jẹ́ abúlé àwọn Indian ní New Mexico lọ́hùn-ún. Lóòótọ́ àwọn méjèèjì ò lo wíìlì tó ń yí tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò, wọ́n á yí amọ̀ bí okùn, wọ́n á ká a lé ara wọn, wọ́n á wá fi òkúta dán an títí á fi máa kọ mànà.

Àwọn Catawba ń wa amọ̀ méjì létí odò, ọ̀kan ní iyanrìn, ìkejì kúnná ó sì ń lẹ̀, wọ́n á pò ó pọ̀. Òkúta tí wọ́n fi ń dán an ńkọ́? Ìyá àgbà ló ń fi í sílẹ̀ fọ́mọ, kò sẹ́ni tó ń fi ṣeré.

Ibi iná gan-an ni ìyàtọ̀ wà o. Catawba á fi igi sun ún ní gbangba, bí iná bá ṣe lá a ló máa rí, ibì kan dúdú, ibì kan búráùn, ibòmíì pupa rẹ́súrẹ́sú, kò séjì ẹ̀. Ti San Ildefonso, tíná bá ti mú, wọ́n á da ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ bò ó, èéfín ò ní rọ́nà jáde, ìkòkò á dúdú kirikiri. Maria Martinez, amọ̀kòkò San Ildefonso, àti ọkọ ẹ̀ Julian ló wá ń ya àwòrán dúdú sórí dúdú ní nǹkan bí 1919.

Èmi o, Catawba ni tèmi. Ẹ má ṣáà da omi sí èyíkéyìí láti fi òdòdó sí i, pàápàá ti San Ildefonso, dídán ẹ̀ á bó.