Ẹ fẹ́ fi sìgá sílẹ̀: èwo ni kí ẹ rà nínú fépù, pílásítà àti ṣingọ́ọ̀mù?

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Bọ̀dá mi fi fa sìgá, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ nílùú Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n jáwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n padà. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló dúró, fépù, ìyẹn sìgá oníbátìrì, ni wọ́n sì fi ṣe é. Àmọ́ kí a tó mọ èyí tó yẹ ní rírà, owó ti ṣòfò lọ́wọ́ wa, torí èmi àti wọn la jọ ń wọ ṣọ́ọ̀bù kiri. Ẹni tó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó ń fa sìgá lójoojúmọ́, tó dúró níwájú káńtà tí kò mọ èyí tí òun yóò nawọ́ sí, òun ni mo ń kọ̀wé sí. Ẹni tí kò bá fa sìgá rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán fépù wò rárá. Ohun tó ń di bárakú ni.

Sìgá àti fépù

Iná ni ìyàtọ̀ wọn. Bí ènìyàn bá fa sìgá, ẹnu ibi tó ń jó máa ń gbóná tó nǹkan bí 900°C. Ewé tábà tó ń jó yẹn ló ń mú ọ̀dà dúdú wá, òun náà ló ń mú gáàsì carbon monoxide wá, èyí tó máa ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Èéfín yìí ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, òun ló sì ń ba ọkàn jẹ́. Nikotíìnì kọ́ ni olórí apànìyàn inú sìgá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí ẹ lè fi í sílẹ̀.

Fépù kò jó ohunkóhun. Bátìrì rẹ̀ ló ń mú wáyà kékeré kan gbóná, òwú tó ti mu omi ló yí wáyà náà ká, omi yẹn ló ń di kùrukùru tí ẹ ń fà sínú. Propylene glycol, glycerine, adùn àti nikotíìnì ló wà nínú omi náà. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀, kò sì sí carbon monoxide.

Èyí tí mo fi ojú ara mi rí nìyí. Níbi tí wọ́n ti ń ran àwọn tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń díwọ̀n carbon monoxide inú èémí fún Bọ̀dá mi, ó ní kí wọ́n mí sínú, kí wọ́n sé èémí, kí wọ́n wá rọra fẹ́ ẹ. 23 ló jáde. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tí kì í fa sìgá kì í sábà kọjá 6. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó jẹ́ fépù nìkan ni wọ́n ń fà, a padà lọ, wọ́n tún fẹ́ ẹ: 3. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kí àwọn tún un fẹ́, bóyá ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. 3 náà ló tún jáde.

Ṣé kò wá léwu ni? Ó léwu, kò kàn tó ti sìgá ni. Lọ́dún 2015, àjọ elétò ìlera Public Health England sọ pé ewu fépù fi nǹkan bí 95% kéré sí ti sìgá. Àwọn onímọ̀ kan bá wọn jà lórí iye yẹn, torí àwọn ọ̀mọ̀ràn ló jókòó díwọ̀n ewu, wọn ò kà á lára aláìsàn. Mo gbà pé ìjà yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lọ́dún 2022, ìjọba tún gba ìròyìn tó gùn ju tàtẹ̀yìnwá lọ látọ̀dọ̀ King's College London. Ohun tí wọ́n rí ni pé láàárín ọdún díẹ̀ tí a bá fi lò ó, ewu fépù jẹ́ ìdá kékeré lára ti sìgá, ṣùgbọ́n kò bọ́ lọ́wọ́ ewu, pàápàá fún ẹni tí kò fa sìgá rí. Ọdún 2003 ni Hon Lik, apoògùn ará Ṣáínà, ṣe irú èyí tí ayé ń lò lónìí. Kò tíì sí ẹni tó lò ó fún ogójì ọdún.

Ẹ óò ti gbọ́ ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2019, níbi tí ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọ̀dọ́ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2020, àwọn tó dé ilé ìwòsàn tàbí tó kú ti lé ní 2,800, àwọn tó kú nínú wọn sì jẹ́ 68. Vitamin E acetate, irú fítámì kan tó dà bí òróró, ni wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Inú fépù igbó tí wọ́n rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí ní kọ̀rọ̀ ló pọ̀ sí. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí fítámì wọ inú omi fépù oní-nikotíìnì. Ìdí nìyí tí n kò fi ní dákẹ́ láti sọ ọ́: ẹ má ra fépù nínú báàgì ẹnikẹ́ni, kódà bí ó jẹ́ ọmọ ìlú yín.

Fépù, pílásítà àti ṣingọ́ọ̀mù

Lọ́dún 2019, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ènìyàn 886 ṣe ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn ló wá ìrànlọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní pílásítà àlẹ̀mọ́ra, ṣingọ́ọ̀mù àti irú wọn tó ní nikotíìnì; wọ́n fún àwọn yòókù ní fépù tí à ń rọ omi sí. Lẹ́yìn ọdún kan, 18% àwọn onífépù ni kò padà sídìí sìgá. Nínú àwọn tó lo pílásítà àti ṣingọ́ọ̀mù, 9.9% ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì rẹ̀: nínú àwọn onífépù tó ṣàṣeyọrí yìí, 80% ṣì ń fa fépù lẹ́yìn ọdún kan náà. Níhà kejì, 9% péré ló ṣì ń lo pílásítà tàbí ṣingọ́ọ̀mù.

Nítorí náà, bí ohun tó ń dùn yín jù bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ nikotíìnì pátápátá, kíákíá, ẹ lo pílásítà, kí ẹ fi ṣingọ́ọ̀mù tì í lẹ́yìn. Pílásítà ń rọra fún ara ní nikotíìnì láti àárọ̀, ṣingọ́ọ̀mù á gba yín lọ́jọ́ tí ìfẹ́ sìgá bá ṣàdédé yọ. Bọ̀dá mi lo pílásítà nígbà kẹta. Ara wọn balẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò rí nǹkan mú. Bí wọ́n bá ti jẹ ẹ̀bà tán lálẹ́, wọ́n á bọ́ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á dúró síbẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n ra páálí sìgá. Ọwọ́ àti ẹnu ni bárakú tiwọn wà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Oògùn náà wà tí dókítà lè kọ fún yín: varenicline, àti cytisine tí à ń lò fún ọjọ́ 25. Ẹ bi wọ́n. Ní ti ẹ̀rọ tó ń mú ewé tábà gbóná láìjó o, n kì í dámọ̀ràn rẹ̀. Tábà náà ni ẹ ṣì ń fà, owó rẹ̀ ò sì kéré.

Pọ́ọ̀dù olómi àti pọ́ọ̀dù àrọsí

Ibí yìí lowó ti ń lọ, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2025, títà fépù àlòsọnù ti di èèwọ̀ jákèjádò ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ pàǹtí àti ọ̀rọ̀ ọmọdé ló fà á. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wá ń ta èyí tó jọ ọ́ bí ìbejì, wọ́n kàn fi ihò ṣáájì sí ìdí rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé ó ṣeé ṣáájì, ṣé omi rẹ̀ ṣeé fi kún, ṣé ẹ lè ra kọ́ìlì (wáyà tó ń gbóná) tàbí pọ́ọ̀dù (ilé omi) rẹ̀ lọ́tọ̀? Bí ọ̀kan kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Pọ́ọ̀dù olómi ni èyí tí wọ́n ti rọ omi sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ kàn máa kì í bọ ẹ̀rọ ni. Kò sí wàhálà, ó sì dára fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Lágbègbè wa, £6 ni páálí pọ́ọ̀dù méjì, mílílítà méjì méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. £1.50 fún mílílítà kan nìyẹn. Ti àrọsí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa rọ omi sí i. Ìgò omi mílílítà mẹ́wàá jẹ́ £3.50: pẹ́ńsì 35 fún mílílítà kan. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ẹ̀rọ àrọsí fúnra rẹ̀ ná wa ní £18, páálí sìgá kan náà sì ti lé ní £15 báyìí. Àrọsí ni mo dìbò fún. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n lò nínú ìwádìí tí mo sọ lókè.

Ìṣòro kan ló wà nínú rẹ̀, a sì jìyà rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a gbé e délé, Bọ̀dá mi rọ omi sínú pọ́ọ̀dù tuntun, wọ́n fà á lójú ẹsẹ̀. Òwú kò tíì mu omi. Wáyà jó òwú gbígbẹ, ó sì rùn bí àkísà tí iná mú. Wọ́n wúkọ́, wọ́n sọ ọ́ sórí tábìlì: "Sìgá mi sàn jù báyìí lọ!" Pọ́ọ̀dù £3 ti bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìkejì, mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo ṣí rọ́bà kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rọ omi díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kún, mo dé e padà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n fà á, wọ́n ní, "Háà. Èyí dùn lẹ́nu."

Agbára nikotíìnì

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí a wọ̀ fún wa ní omi 3 mg, ìyẹn mílígíráàmù nikotíìnì mẹ́ta nínú mílílítà kan, wọ́n ní kó má baà le jù. Odindi ọjọ́ ni Bọ̀dá mi fi ń fà á bí ọmọ tó ń mu ọmú tí kò ní omi, síbẹ̀ wọ́n fa sìgá mẹ́jọ kún un. Ẹni tó ń fa sìgá ogún lóòjọ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 18 tàbí 20 mg. 20 mg nínú mílílítà kan ni òpin tí òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì gbà. Ẹni tí kò fa ju mẹ́wàá lọ lè bẹ̀rẹ̀ láti 10. Ẹ bèèrè irú nikotíìnì tí wọ́n ń pè ní nic salt. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ta ọ̀fun. Bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, kí ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ má sì pa méjèèjì pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Sìgá márùn-ún pẹ̀lú fépù, sìgá náà ni.

Òfin

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú òfin tó wà nílẹ̀: kí wọ́n má tà á fún ẹni tí kò tó ọdún 18, kí pọ́ọ̀dù má ju mílílítà méjì lọ, kí ìgò má ju mẹ́wàá lọ, kí wọ́n sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ tó MHRA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn, létí kó tó dórí àtẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ òfin yìí ni ẹ fi lè gbẹ́kẹ̀ lé ìgò tó wà lọ́wọ́ yín.

Èyí tó ń bọ̀ ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Òfin tí ìjọba gbé lọ sílé aṣòfin ní oṣù kọkànlá 2024 wà láti fún mínísítà lágbára láti pinnu adùn, páálí àti bí wọ́n ṣe ń tò ó sí ṣọ́ọ̀bù. Páálí aláwọ̀ mèremère tó jọ ti súùtì, kí wọ́n kó o kúrò. Mo ní ọmọ nílé. Ṣùgbọ́n adùn máńgòrò ló gba Bọ̀dá mi. Èyí tó ní adùn tábà, ńṣe ló ń rán wọn létí sìgá. Bí wọ́n bá fi tábà nìkan sílẹ̀, mo mọ àwọn tó máa padà. Ìwádìí tí ASH, àjọ tó ń gbógun ti sìgá, ṣe lọ́dún 2024 fi hàn pé ìdajì àwọn tó ń fa sìgá ló gbà pé fépù burú bíi sìgá tàbí jù ú lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìdènà mìíràn.

Owó orí náà ń bọ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2026, £2.20 ni wọ́n ti là kalẹ̀ lórí mílílítà mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan. Ìgò wa tó jẹ́ £3.50 á di nǹkan bí £6. Wọ́n ní àwọn á fi kún ti sìgá náà kí àyè tó wà láàárín méjèèjì má baà dí.

Brazil ti fòfin de fépù láti 2009, wọ́n sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024. Síbẹ̀, wọ́n ń tà á lójú pópó níbẹ̀, kò sì sí aláṣẹ tó yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò. Ní Australia, ilé apoògùn nìkan ló lè tà á. Bí mo bá ní kí n mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà yìí, ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni màá mú, bí wọ́n bá lè ṣọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń tà fún ọmọdé gidi.

Kí ẹ tó yọwó

Ẹ kọ́kọ́ pe ẹ̀ka tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀ ní káńsù yín. Lọ́dún 2023, ìjọba kéde ètò Swap to Stop, láti fún mílíọ̀nù kan àwọn tó ń fa sìgá ní England ní ẹ̀rọ àkọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú olùgbani-nímọ̀ràn. Bí ti àdúgbò yín bá ṣì ń ṣe é, ẹ ò ní ná kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá ń lọ sílé ní Kérésìmesì, inú báàgì ọwọ́ ni kí ẹ fi ẹ̀rọ sí, torí bátìrì rẹ̀. Wọn ò gbà á nínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ gbé omi tó máa tó yín dání, torí èyí tí ẹ máa bá ní Èkó kì í ṣe abẹ́ òfin tí mo ń sọ yìí ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó bá ń lọ sí Bàhíà ní Brazil, ẹ fi í sílé pátá, kí ẹ mú pílásítà lọ. Wọn ò gbà kí àlejò gbé e wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Singapore.

Oṣù kejìlá tó kọjá, ìgò mẹ́ta ni Bọ̀dá mi gbé lọ sí Abẹ́òkúta, 6 mg. Wọ́n gbé méjì padà bọ̀, a ò tíì ṣí wọn.