Ìkìlọ̀: "1000 wáàtì" orí pàálí iná LED yẹn, irọ́ ni o

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin nǹkan sínú ilé lábẹ́ iná LED, bí ẹ bá ti ń tọwọ́ bàpò láti ra tuntun, ẹ ní sùúrù ná, kí ẹ ka èyí tán. Ẹni tó lu èmi ní jìbìtì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọjà kan náà ló ń tà, orúkọ ló kàn ń pààrọ̀ bí ẹni ń pààrọ̀ fìlà, ìdí nìyẹn tí n ò fi ní da ara mi láàmú láti dárúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ tú fún yín. Ìyẹn kì í yí padà.

"1000W" gàdàgbà ni mo rí lórí àwòrán rẹ̀. Àgọ́ ọ̀gbìn mi kò ju mítà kan ní ìbú, mítà kan ní òró lọ, ata àti tòmátì ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹrù dé, ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi gbé e. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, torí LED tó bá ń jẹ 1000 wáàtì lóòótọ́ gbọ́dọ̀ ní irin ńlá lẹ́yìn tí yóò máa gba ooru rẹ̀. Àmọ́ mo tàn án, ó mọ́lẹ̀ yòò, ó ń gún mi lójú, inú mi sì dùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ata mi ti ga fíofío, igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ewé kan jìnnà sí èkejì bí ẹni tó bára wọn jà. Mo dín omi kù. Mo pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀. Mo ra ajílẹ̀ mìíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá yá mi ní mítà kékeré tó ń wọn iye wáàtì, èyí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn á wá ki iná bọ òun náà. Ó kọ 112. Mo yọ ọ́, mo tún un kì. 112.

Mo kọ̀wé sí òǹtajà. Ó ní, "Ọ̀gá mi, 1000 yẹn túmọ̀ sí pé ó lè rọ́pò iná sódíọ̀mù àtijọ́ tó ń jẹ 1000." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí irọ́ náà ṣeé gbé mì: LED tó dára ń mú ìmọ́lẹ̀ jáde ju sódíọ̀mù lọ nínú iye iná kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká tiẹ̀ ní tèmi ń mú micromole 3 (òṣùwọ̀n iye ìmọ́lẹ̀) jáde nínú joule kan (iná tí wáàtì kan ń jẹ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), èyí tó jẹ́ ti àwọn ògidì, 112 lọ́nà 3 kò ju 336 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sódíọ̀mù 1000 wáàtì ń tú ju 1000 lọ. Níbo ni ìyókù wà? Nígbà tí mo bi í bẹ́ẹ̀, ó yí ohùn padà: ó ní hóró LED 100 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ wáàtì 10. Wáàtì 10 yẹn ni èyí tí hóró náà lè fara dà bó bá le tán. Wáàtì kan péré ni wọ́n ń fún un kó má baà jóná. Ẹni tí aago ìwọ̀n eré ọkọ̀ rẹ̀ kọ 220, ṣé ìyẹn ni pé 220 ló ń sá lójoojúmọ́?

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wáàtì gan-an kọ́ ni ewéko ń jẹ. Ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín 400 sí 700 nánómítà (òṣùwọ̀n gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀) ló ń lò, iye micromole rẹ̀ tó ń já lé mítà kan níbùú lóròó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n ń pè ní PPFD. Òǹtajà yìí kò sọ tìyẹn, lux ló ń sọ, torí nọ́ńbà rẹ̀ ń tóbi. Ojú èèyàn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n lux, ojú wa sì fẹ́ràn àwọ̀ ewé. Bí iná yín bá funfun, ẹ lè fi 70 pín lux kí ẹ rí PPFD ní ìdíwọ̀n: lux 40,000 tó ń dẹ́rù bani kò ju nǹkan bíi 570 lọ. Bó bá jẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò, ẹ má wulẹ̀ pín in, ẹ̀tàn ni.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ fún yín ní PPFD, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Tèmi, ní 30 sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀ iná, àárín gbùngbùn kọ 410, igun àgọ́ kọ 70. Àárín yẹn nìkan ni wọ́n ń kọ sórí pàálí. Irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ń fẹ́ 100 sí 300, èyí tó ń dàgbà ń fẹ́ 300 sí 600, èyí tó ń tanná tàbí so èso lè gbà tó 600 sí 900. Bó bá kọjá 1000 láìsí afẹ́fẹ́ CO2 àfikún, ó lè di ìfiṣòfò, orí ewé sì lè máa funfun. Iye wákàtí tí iná fi ń tàn náà ṣe pàtàkì o: PPFD 500 fún wákàtí 18 jẹ́ mole 32.4 lóòjọ́ (mole kan jẹ́ mílíọ̀nù kan micromole).

Àwọn tó ń gbin igbó (cannabis) níbi tí òfin ti fọwọ́ sí i ni wọ́n ń dọdẹ jù, torí ewéko náà fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ojú sì máa ń ti ẹni tó rà á láti pariwo. Wọ́n á tún fi "bọ́tìnì ìtanná" kún un, èyí tí wọ́n ní ó ń mú ewéko yọ òdòdó. Èyí tí mo yẹ̀ wò, ìdajì hóró rẹ̀ ló ń pa nígbà tí bọ́tìnì bá wà níbi "ìdàgbàsókè", kò ṣe nǹkan mìíràn. Òkùnkùn wákàtí 12 tí kò já ló ń mú igbó tanná, yàtọ̀ sí irú tó ń tanná fúnra rẹ̀.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù rèé: mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Wáyà ilẹ̀ (earth) wà nínú okùn iná lóòótọ́, àmọ́ wọ́n gé e, kò so mọ́ irin ara rẹ̀ rárá. Iná onírin, nínú àgọ́ tí à ń fi omi wọ́n! Àmì ààbò tó wà lára rẹ̀, èékánná ni mo fi ṣí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye wáàtì tó ń jẹ láti ara ògiri, micromole fún joule kan, àti máàpù PPFD tó dé igun, pẹ̀lú bí iná ṣe ga tó. Bó bá fi "ó mọ́lẹ̀ gan-an" dá yín lóhùn, ẹ máa lọ. Nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí, ojú òpó àwọn tó fún un ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. DesignLights Consortium ní Amẹ́ríkà ní àkójọ àwọn iná ọ̀gbìn tó yege lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé, kí ẹ ki iná náà bọ mítà ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì ya fídíò rẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo ní láti dá tèmi padà. Iyẹ̀pẹ̀ ni mo ń pààrọ̀ tí ọjọ́ fi pé.

Mo ti tún wáyà ilẹ̀ rẹ̀ so, ó wà lókè pẹpẹ kékeré tí mo ń hu irúgbìn sí. Níbẹ̀, ó ń ṣe dáadáa. Lánàá ni mo tún rí àwòrán rẹ̀ lọ́dọ̀ òǹtajà tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì sí mi: ara dúdú kan náà, ìṣó mẹ́rin kan náà, abẹ̀bẹ̀ kan náà lẹ́yìn. Ó ti di 2000 wáàtì.