Lẹ́ńsì Canon EF 50mm f/1.8 STM fún ayàwòrán ìwé ìròyìn n'Ílọrin

Ọ̀dọ́ ayàwòrán tí apá rẹ̀ kò tíì ká owó lẹ́ńsì ńlá, èyí gan-an ni kó kọ́kọ́ rà. Kò wúwo ju nǹkan bí 160 gíráàmù lọ. Níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè, tí iná kò mọ́lẹ̀ tó, f/2.8 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó) pẹ̀lú 1/125 ìṣẹ́jú-àáyá (bí kámẹ́rà ṣe yára tó) àti ISO 1600 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) máa ń gbé ọwọ́ ahunṣọ jáde kedere. Ní f/1.8, tí ojú lẹ́ńsì ṣí jù lọ, ojú á mọ́, etí á ti ṣe bàìbàì.

Níbi Durbar, ẹṣin tó ń sáré ń fẹ́ 1/1000. Lórí kámẹ́rà APS-C, èyí tí sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ kéré, lẹ́ńsì yìí ń ríran bí lẹ́ńsì 80mm tó ń fa ohun sún mọ́, kò lè gba èrò: ẹ mú lẹ́ńsì 18-55mm tó ń gba ibi gbòòrò dání.

Àléébù rẹ̀ tó burú jù ni ọ̀pá iwájú tó máa ń yọ síta tó bá ń wo ohun tó wà nítòsí. Bí èrò bá gbá a, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí i nínú lè há. Kí ẹ tó pa kámẹ́rà, ẹ kọjú rẹ̀ sí ọ̀ọ́kán, ẹ tẹ bọ́tìnì ìyàwòrán dé ìdajì, yóò wọlé padà. Kò sí rọ́bà tó ń dí eruku ní ìdí rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ńsì níta.