Dungeons & Dragons àbí Hero Kids: èwo ni kí òbí tó wà l'Ékìtì kọ́kọ́ rà?

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bi mi nípa eré ìtàn tí wọ́n ń fi dáìsì ṣe yìí ní Adó níbí, òbí ni wọ́n, wọ́n ní fóònù ti gba àwọn ọmọ mọ́ àwọn lọ́wọ́, wọ́n ń wá nǹkan tí gbogbo ilé lè jókòó ṣe pa pọ̀ lálẹ́. Ní kúkúrú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹnì kan á máa darí ìtàn, àwọn tó kù á jẹ́ akọni inú ẹ̀, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì á wá sọ bóyá ó bọ́ sí i. Èwo lẹ máa fowó yín rà ni ìbéèrè. Méjì ló wà nílé mi: páálí Starter Set (ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀) ti Dungeons & Dragons tó jáde ní 2014, àti Hero Kids tí Justin Halliday ṣe.

Ọjọ́ orí. Dungeons & Dragons ni àgbà gbogbo wọn, àtọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé e jáde, àmọ́ ọmọ 12 sókè ni wọ́n kọ sára páálí yìí. Hero Kids, ọmọ 4 sí 10 ni. Ẹ gba ohun tí wọ́n kọ gbọ́ o, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti wà ní JSS gbádùn Dungeons & Dragons gan-an, àbúrò ẹ̀ ti sùn lọ sórí àga kó tó kàn án.

Òfin eré. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá ọ̀tá nínú Dungeons & Dragons, ẹ máa ju dáìsì olójú 20, ẹ ro iye tó wà nínú ìwé yín mọ́ ọn, ẹ wò ó bóyá ó tó iye ààbò ọ̀tá, tó bá tó, ẹ tún mú dáìsì míì láti mọ bó ṣe dùn ún tó. Ti Hero Kids, ọmọ á ju tiẹ̀, ọ̀tá á ju tiẹ̀, ẹ wo èyí tó ga jù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Àbíkẹ́yìn mi tí ò tíì mọ ìṣirò dáadáa ló máa ń ṣèdájọ́ nílé wa, á kàn pariwo pé mẹ́fà ju mẹ́rin lọ, ó ti wọlé! Akọni tí wọ́n bá gbá lẹ́ẹ̀mẹta á dákú, kì í kú, ìyẹn sì ń jẹ́ kí àwọn kékeré sùn lálẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ dáìsì, torí ibẹ̀ lowó mi ti lọ. Dungeons & Dragons ń lo olójú 4, 6, 8, 10, 12 àti 20, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì wà nínú páálí yẹn fún gbogbo ilé. Olójú 20 ni wọ́n ń jù jù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó yí kúrò lórí tábìlì, ó gba ẹnu ọ̀nà bọ́ sínú gọ́tà, òjò sì ń rọ̀, a ò rí i mọ́. Mo wọ Ọjà Ọba, gbogbo ẹni tí mo bi, dáìsì lúdò ni wọ́n ń kó sí mi lọ́wọ́, ìyá kan tiẹ̀ ní ṣé dáìsì tún ní oríṣi míì ni. Mo bá pè é wá láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì l'Ékòó, owó tí wọ́n fi gbé e dé Adó ju owó dáìsì fúnra ẹ̀ lọ, nígbà tí mo sì tú ọ̀rá ẹ̀, olójú 12 méjì ló wà níbẹ̀, olójú 20 ò sí. Mo pè é, ó ní ohun tóun ní nìyẹn, wọn kì í dá ọjà padà. Ẹ máa sọ pé Google ń ju dáìsì fún èèyàn, òótọ́ ni, mo lò ó, àmọ́ fóònù tá a fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ náà la tún ń gbé lé e lọ́wọ́ yẹn, kó tó di pé ó jù ú tán, ó ti bọ́ sórí fídíò, ẹ tún wá ronú ọjọ́ tí iná ò bá sí tí bátìrì ti fẹ́ kú. Mo gé bébà, mo kọ 1 dé 20 sí i, mo kó o sínú kọ́ọ̀bù, ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ fẹ́ ju nǹkan ni, kì í ṣe kó máa fà á yọ bíi tíkẹ́ẹ̀tì.

Olójú 6 nìkan ni Hero Kids ń lò. Dáìsì lúdò gan-an! Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń ta súìtì níwájú ilé yín, tó bá sọnù, ẹ rán ọmọ kó lọ ra òmíì, eré ò ní dúró. PDF ni mo ra, owó ẹ̀ ò tó dọ́là 10, mo gbé e lọ sí bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Àwọn àwòrán akọni àti máàpù wà nínú ẹ̀, àwọn àwòrán yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ní aláwọ̀, kí ẹ tẹ ìyókù ní dúdú, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ páálí indomie kí wọ́n lè dúró. Wọ́n da Milo sórí tiwa, a kàn lọ tún un tẹ̀ ni. Ẹ bi báńkì yín bóyá káàdì yín lè sanwó nílẹ̀ òkèèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn inú wọn ńkọ́? Ti Dungeons & Dragons pọ̀, ojú ewé 64, ó lè gbé àwọn akọni láti ìpele 1 dé 5, ẹ máa lò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ so kọ́ra, tẹ́ ẹ bá yí ìlú kan padà, ẹ máa yí gbogbo ẹ̀ padà ni. Èyí tó bá Hero Kids wá kúrú: eku kún inú yàrá abẹ́ ilé. Ta ló ní yàrá abẹ́ ilé ní Ìkẹ́rẹ́? Mo sọ ọ́ di àká iṣu lẹ́yìn Òkè Olósùnta, eku di òkété, ojú àwọn ọmọ là. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọba òkété, ọmọbìnrin mi ní kí wọ́n má pa á, ó ní ṣé àwọn lè fi ẹyìn tàn án jáde, kí wọ́n máa jù ú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan dé inú igbó. Mo ní kó ju dáìsì. Ó ju mẹ́fà!

Ta ló yẹ kó ra èwo? Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ ńlá ló wà lọ́dọ̀ yín, tí wọ́n ń ka Gẹ̀ẹ́sì geere, tẹ́ ẹ sì léèyàn tó ń bọ̀ láti òkè òkun tó lè bá yín kó dáìsì dání, kó tiẹ̀ mú sẹ́ẹ̀tì méjì wá, Dungeons & Dragons dáa, wọ́n sì gbé ìpìlẹ̀ òfin ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lè kà á wò ná. Hero Kids á kéré fún wọn tí wọ́n bá ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n fún ilé tí àgbà àti kékeré dà pọ̀ sí, tí owó ò sì gbọdọ̀ ṣòfò, Hero Kids ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ẹ ra dáìsì lúdò bíi mẹ́fà, ẹ tẹ ìwé àwọn akọni ṣáájú kí olúkúlùkù ọmọ mú tiẹ̀, máàpù lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.